Ẹ̀rọ Tó Ti Kú Nínú Ilé: Bí Ẹ Ṣe Máa Kó O Jáde àti Ibi Tí Ẹ Máa Kó O Sí

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí lẹ́yìn ọdún Kérésì, tí wọ́n tún máa ń bi mí lẹ́yìn ọdún Àjíǹde: "Tẹlifíṣọ̀n yìí ti kú, fìríìjì yẹn ò tutù mọ́, bátìrì ìńfátà ti wú. Níbo ni ká kó wọn sí?" Ìdí tó fi jẹ́ àsìkò yẹn yé mi dáadáa. Ẹni tó bá ra tẹlifíṣọ̀n tuntun ní Àbújá tàbí Èkó kì í ju ti àtijọ́ nù. Ilé ló ń gbé e bọ̀: "Ẹ gbé e fún Màmá ní Mọpà, ó ṣì ń ṣiṣẹ́." Ó máa ṣiṣẹ́ lọ́dún kan, bóyá méjì, lọ́jọ́ kan iná NEPA á wá tú dà sí i lórí, ó parí nìyẹn. Bí ilé àwọn ìyá wa ní Ìjùmú, Yàgbà àti Bùnú ṣe di ibi tí ẹ̀rọ àwọn ará ìlú ńlá ń wá kú sí nìyẹn o. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan wálé. Ohun tí mò ń sọ ni pé mọ́tò tó gbé e wá ló yẹ kó gbé e padà.

Ìdí ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọ bí a ṣe ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ láìda májèlé sílẹ̀, Èkó ni wọ́n pọ̀ sí. Hinckley àti E-Terra wà lára wọn. Iṣẹ́ tiwa nílé kò ju méjì lọ: ká má jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣe wá léṣe níbi tó wà, ká sì dì í bó ṣe máa ṣeé gbé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: ohun mẹ́rin tó jẹ́ èèwọ̀

- Ẹ má sun ún.
- Ẹ má fọ́ ọ.
- Ẹ má jù ú sínú kànga tó ti gbẹ, ṣáláńgá tàbí etí odò.
- Ẹ má sin ín sí ẹ̀yìn ilé. Òjò á bá a níbẹ̀, omi tó sì ń gba ibẹ̀ kọjá ni kànga ń mu.

Ti sísun yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí pé èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà ọ̀ẹrùn kan, mo kó wáyà àtijọ́ jọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo dáná sí i kí rọ́bà ara rẹ̀ lè jó dànù, kí n rí bàbà inú rẹ̀ tà. Èéfín tó jáde dúdú, ó wúwo, ilẹ̀ ló ń fà bọ̀ dípò kó lọ sókè. Ìyá mi ń yan gàrí lápá kejì. Ó húkọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, gàrí agbada yẹn sì ń rùn rọ́bà débi pé ewúrẹ́ gan-an fi imú kàn án, ó yí padà. Owó bàbà yẹn ò tó owó gàrí tó bàjẹ́.

Rọ́bà tó wà lára wáyà, PVC ni, kiloríìnì wà nínú rẹ̀. Tó bá jó, èéfín tó ń ta èèyàn nímú bí ásíìdì ló ń jáde, pẹ̀lú májèlé kan tí wọ́n ń pè ní dioxin. Májèlé yẹn kì í bá afẹ́fẹ́ lọ tán. Ó ń balẹ̀, adìyẹ tó ń jẹ̀ níbẹ̀ á ṣà á jẹ, á sì gbé e sínú ẹyin. Bí ẹ bá fẹ́ bàbà inú wáyà, ẹ fi ọ̀bẹ bó o. Ó ń gba àkókò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbà tí a bó máa ń dán, iye tí wọ́n ń rà á sì ju ti èyí tí iná ti mú dúdú lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé ó ti kú lóòótọ́?

Ẹ má tíì sin ohun tí kò kú.

- Fáànù tó ń dún hùn-ùn-ùn tí kò yí: kapásítọ̀ kékeré kan, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ sínú, ló sábà máa ń jẹ́.
- Áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná: ẹ wo wáyà rẹ̀ níbi tó ti wọlé sídìí áyọ́ọ̀nù, ibẹ̀ ló máa ń já.
- Dikódà tí kò tan: ẹ fi ádápítọ̀ mìíràn tó bá a mu dán an wò.
- Ohunkóhun tó ní fíúsì nínú púlọ́ọ̀gì: fíúsì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Òfin tèmi ni pé bí owó àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì iye tí wọ́n ń ta àlòkù irú rẹ̀ lọ́jà Kàbbà, mo ti fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pín in sí òkìtì mẹ́rin

Ẹ wá ibi tí òjò kì í pa, tí oòrùn kì í sì í ràn sí tààrà, tí ọmọdé ò sì lè dé. Ẹ kó o síbẹ̀ báyìí:

1. Ohun tó ní bátìrì: fóònù, páwà báǹkì, láptọ́ọ̀pù, làmpù aláṣájì, ìńfátà, bátìrì sólà, rédíò.
2. Ohun tó ní gíláàsì: tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù, iná gígùn inú pálọ̀.
3. Ohun tó ní gáàsì: fìríìjì, firísà, éèsì.
4. Ìyókù: fáànù, áyọ́ọ̀nù, bílẹ́ńdà, dikódà, rìmóòtù tí ẹ ti yọ bátìrì rẹ̀, wáyà.

Òkìtì kẹrin ò le rárá, ẹ dì í sínú àpò, ó tán. Ojú yín ni kó má kúrò lára àkọ́kọ́ àti èkejì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pa ọ̀rọ̀ yín rẹ́ nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà

Àbúrò mi kan ta fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ fún bàbá-ń-bọ́ọ̀là láìyọ SIM. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi nọ́ńbà rẹ̀ yá owó. Torí náà:

1. Ẹ kọ́kọ́ kó àwòrán àti nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ sórí fóònù mìíràn.
2. Ẹ yọ SIM àti mẹ́mọ́rì káàdì. SIM tó ti so mọ́ NIN àti báńkì yín, kọ́kọ́rọ́ ilé yín ni.
3. Ẹ jáde nínú WhatsApp, áàpù báńkì àti íméèlì.
4. Ẹ wọ Settings, ẹ yọ àkáǹtì Google kúrò. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ pa Find My, kí ẹ sì jáde nínú iCloud.
5. Lẹ́yìn náà lẹ wá ṣe factory reset, tó máa nu gbogbo inú fóònù.

Ẹ má fi ohun karùn-ún yìí ṣáájú ìkẹrin o. Bí ẹ bá fi bọ́tìnnì ara fóònù ṣe reset nígbà tí àkáǹtì Google ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí ẹ bá fún ní fóònù náà kò ní lè ṣí i, íméèlì yín lá máa béèrè. Á wá di pé ẹ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ní bíríkì.

Bí ojú fóònù bá ti kú pátápátá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, kí ẹ sì jókòó tì í. Ó lè fi ojú mìíràn so ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ fi pa nǹkan rẹ́. Ẹ má ṣe kan ìṣó mọ́ fóònù o, mo ti rí ẹni tó ṣe é. Bátìrì tó wà lábẹ́ ibẹ̀ máa gbaná.

Ti kọ̀ǹpútà, yíyí fáìlì sínú Recycle Bin kì í ṣe píparẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n á rí i padà. Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà náà ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ẹ ní kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ètò tó ń nu gbogbo dísìkì nù ún. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣe kóńdẹ́ẹ̀mù, ẹ yọ háàdì dísìkì rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi dírílì lu ihò mẹ́ta sí i láàárín. Tó bá jẹ́ SSD, tí kò ní àwo tó ń yí nínú, ihò lè má ba ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ tọ́jú tiyẹn sínú àpótí ìwé ilé, kò gbàyè.

Ìgbésẹ̀ 4: Bátìrì

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Bátìrì ò rí bákan náà, ọwọ́ tí a fi ń mú wọn sì yàtọ̀.

*Bátìrì òjé.* Òun ló wà nínú mọ́tò, ìńfátà, àti sólà tí wọ́n ń bu omi sí. Òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ làmpù aláṣájì, bó tilẹ̀ kéré: bí ẹ bá ṣí ìdí rẹ̀, ẹ máa rí ike kékeré kan tí wọ́n kọ 4V sí lára. Ẹ má kà á mọ́ bátìrì rédíò.

1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti aṣọ tí ẹ ò ní sunkún rẹ̀. Ẹ dáàbò bo ojú.
2. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà dúdú, kí ẹ tó tú pupa.
3. Ẹ gbé e nàró sínú abọ́ ike tó jinlẹ̀. Ẹ má dà á dùbúlẹ̀, ẹ má sì gbé e sínú abọ́ irin.
4. Ẹ fi ọ̀já túùbù táyà wé orí rẹ̀ méjèèjì, kí irin kankan má bàa so wọ́n pọ̀.
5. Ẹ jẹ́ kí omi inú rẹ̀ wà níbẹ̀.

Karùn-ún yẹn lẹ máa bá ẹni tó ń ra bátìrì jà lé lórí. Ó máa ní kí ẹ da omi rẹ̀ nù kó tó gbé e sórí òṣùwọ̀n, kó lè fúyẹ́. Omi yẹn kì í ṣe omi lásán: ásíìdì ni, òjé tó ti yọ́ sì wà nínú rẹ̀. Òjé kì í tán nílẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ bá jà. Ẹ rántí Zamfara ní 2010: eruku òjé tó ti ara òkúta wúrà jáde pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Bí oníbàárà bá ní àfi kí ẹ dà á nù, ẹ ní kó máa lọ, ẹlòmíràn ń bọ̀.

Bí ásíìdì bá ta sí ara, ẹ máa da omi tó pọ̀ sí ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má kàn fi aṣọ nù ún. Bó bá wọ ojú, bẹ́ẹ̀ náà, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Bó bá dà sílẹ̀, ẹ da eérú ìdáná lé e lórí kó mu ún, ẹ ò ní láti wá nǹkan mìíràn kiri.

*Bátìrì lithium.* Ti fóònù, láptọ́ọ̀pù, páwà báǹkì àti bátìrì sólà tuntun tí wọ́n kọ lithium sí lára. Èyí kì í jò, gbígbaná ni tiẹ̀.

Mo délé lọ́jọ́ kan, mo bá fóònù ìyá mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ síta bí ikùn aboyún oṣù méje, ojú rẹ̀ ti ṣí kúrò lára rẹ̀ débi pé ẹ lè rí iná inú rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ló fi so ó pọ̀, rọ́bà mẹ́ta, ó wá fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń ṣájì. "Ó ṣáà ń gbé iná," ló wí fún mi. "Kí ló wá ṣe é?" Mo yọ ọ́ lójú iná, mi ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

Bí bátìrì bá ti wú:

1. Ẹ má ṣájì í mọ́, títí láé.
2. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbaná.
3. Bó bá ṣeé yọ láìfi ipá, ẹ yọ ọ́. Bí kò bá ṣeé yọ, ẹ fi fóònù náà sílẹ̀ bó ṣe wà.
4. Ẹ fi téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò lẹ irin ẹnu rẹ̀.
5. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ tàbí agolo mílíìkì ńlá, ẹ bu yanrìn gbígbẹ sí i, ẹ gbé bátìrì lé e, kí ẹ sì tún bu yanrìn bò ó.
6. Ẹ gbé ìkòkò náà síta lábẹ́ àtíbàbà, jìnnà sí koríko, sí àjà àti sí gáàsì ìdáná.

Bí èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí jáde, ẹ kó ọmọdé jáde ná. Lẹ́yìn náà lẹ wá lè da yanrìn tàbí omi tó pọ̀ gan-an sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú.

*Bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti rédíò.* Ẹ kó wọn sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ má la inú wọn. Àwa tí a ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà kan mọ ohun tí mò ń sọ: a ń fọ́ bátìrì tó ti kú, a ń po dúdú inú rẹ̀ mọ́ ewé, a fi ń kun pátákó kíláàsì, ọwọ́ wa á dúdú títí di ọjọ́ Àìkú. A ò kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó yẹ ká kọ́ ọmọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá, àti maikirowéèfù

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ìdí rẹ̀ gùn sẹ́yìn, gíláàsì ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ní òjé tó lè tó kílò kan, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú gíláàsì náà, bó bá fọ́, ńṣe ló máa ya wọ inú ara rẹ̀, àfọ́kù rẹ̀ á sì fò dé ojú yín. Ibi tó sì rọrùn jù láti fọ́ ni ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí bàbà tí gbogbo ayé ń wá wà.

- Ẹ yọ ọ́ lójú iná. Ẹ má tú ìdí rẹ̀: iná ńlá lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀.
- Èèyàn méjì ni kó gbé e. Ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ sí àyà yín, torí ibẹ̀ ló wúwo sí.
- Nínú mọ́tò, ẹ da ojú rẹ̀ dé sórí àkísà tó nípọn.

Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ fúyẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ jáde lára wọn ní iná tín-tìn-tín tó ní mẹ́kúrì lẹ́yìn ojú wọn. Ẹ má tẹ ojú wọn, ẹ fi páálí bò ó.

Maikirowéèfù kì í ṣe ohun tí à ń ṣí nílé rárá. Iná ilé wa, fóòtì 230 ni. Èyí tó wà nínú kapásítọ̀ maikirowéèfù lè kọjá 2,000, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ọmọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n gan-an ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Fìríìjì

Ẹ wo bébà kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ti ara kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ẹ máa rí orúkọ gáàsì inú rẹ̀: R12, R134a tàbí R600a. R12 ń jẹ ozone, ìbòrí tó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ oòrùn líle. Kílò kan R134a ń mú ayé gbóná tó kílò 1,430 èéfín kábọ́nì. R600a ní tiẹ̀ ń gbaná bíi gáàsì ìdáná. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé páìpù rẹ̀.

1. Ẹ pe oníṣẹ́ fìríìjì tó ní ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì sínú sìlíńdà. Ẹ bi í kó tó wá: "Ṣé ẹ ní sìlíńdà tí ẹ máa fà á sí, àbí afẹ́fẹ́ lẹ máa tú u sí?" Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíràn.
2. Ẹ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí, kódà bí ẹ ò bá tíì mọ ìgbà tó máa kúrò nílé. Ọmọdé máa ń sá pamọ́ sínú fìríìjì, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn kò sì ṣeé ṣí láti inú.
3. Ẹ gbé e nàró, torí òróró inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀.

Mo mọ̀ pé ilé púpọ̀ lágbègbè wa ń fi òkú fìríìjì ṣe àpótí ẹ̀wà. Kò burú, eku ò lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi yọ kọ́kọ́rọ́ àti rọ́bà etí ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn fókànáísà náà ń ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fi ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ táyà. Ìyẹn dára gan-an, bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fa gáàsì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Gílóòbù

Iná gígùn àti gílóòbù tó lọ́ bí ìgbín ní mẹ́kúrì díẹ̀ nínú. LED kò ní. Ẹ dá àwọn tí kò fọ́ padà sínú páálí wọn. Bí ọ̀kan bá fọ́:

1. Ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo èèyàn jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
2. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ìgbálẹ̀ máa fọ́n ọn káàkiri, ẹ ó sì tún fi ìgbálẹ̀ yẹn kan náà gbá yàrá ọmọ lọ́la.
3. Ẹ fi páálí líle méjì kó o, kí ẹ fi téèpù lẹ eruku tó kù.
4. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tó ní ìdérí, kí ẹ dé e pinpin.

Ta lẹ máa kó o fún?

*Oníṣẹ́ rédíò àti fóònù tó wà nítòsí.* Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ohun tó ti kú lójú yín, àpótí ìpààrọ̀ ló jẹ́ lójú tiẹ̀. Bí ẹ bá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ bá a ṣàdéhùn pé kì í ṣe ààtàn ni ìyókù rẹ̀ ń lọ.

*Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ iná.* Fáànù, áyọ́ọ̀nù, rédíò àti kọ̀ǹpútà ló wúlò fún wọn. Ẹ má kó maikirowéèfù àti tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá fún ọmọ iṣẹ́.

*Ẹni tó ta tuntun fún yín.* Kí ẹ tó sanwó bátìrì sólà tuntun, ẹ bèèrè iye tó máa yọ bí ẹ bá gbé ti àtijọ́ wá. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbà á. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó tán, ẹ ti pẹ́.

*Bàbá-ń-bọ́ọ̀là.* Mi ò sí lára àwọn tó ń bú wọn. Bí kì í bá ṣe tiwọn, irin ì bá ti bo àdúgbò wa. Òwò wọn ló gbọ́dọ̀ ní ìlànà: ẹ tà á lódindi, tàbí kí ẹ má tà á. Ọ̀kan wá sílé wa ní Ìyàrà fún tẹlifíṣọ̀n, ó ti yọ òòlù.

"Màmá, inú rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fọ́ ọ níbí."

"Rárá o, ọmọ mi. Tòun ti agbárí rẹ̀ lo máa gbé."

"Agbárí ò lówó lórí, Màmá."

"Ìyẹn ni mo fi ní kó o gbé e. Bí o bá yọ ẹran lọ, ta lo fi egungun sílẹ̀ fún?"

Kò gbé e. Ó wà níbẹ̀ di ìgbà tí èmi padà sí Àbújá.

*EPRON.* Ìlànà tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, gbé jáde ní 2011 gbé ẹrù òkú ẹ̀rọ ka orí àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń kó o wọ orílẹ̀-èdè yìí. EPRON, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ti inú rẹ̀ ṣe ojúṣe yẹn. Ẹ wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń gbà á ní ìlú tí ẹ ń lọ.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí

- Kíkó bátìrì oríṣiríṣi sínú làìlọ́ọ̀nù kan. Orí wọn á kan ara wọn, iná á sì jáde.
- Fífi igbá ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ṣe ilé adìyẹ, kí wọ́n wá ju gíláàsì rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ilé adìyẹ ò burú. Gíláàsì yẹn ni ìjàngbọ̀n.
- Kíkó o sí ààtàn àdúgbò pẹ̀lú èrò pé ẹnì kan máa kó o. Ní ọ̀ẹrùn, ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀ ni ẹni tó máa ṣáná sí i.
- Jíju páńẹ́ẹ̀lì sólà nù torí pé kò gbé ilé mọ́. Ó ṣì lè ṣájì fóònù àti tọ́ọ̀ṣì lóko.
- Títọ́jú gbogbo rẹ̀ fún "ọjọ́ kan". Lọ́jọ́ yẹn, bátìrì á ti jò wọ inú rédíò tó ṣì dára.

Ọjọ́ tí mọ́tò ń padà

Ẹ fi èyí yẹ ẹrù wò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú:

- SIM, mẹ́mọ́rì káàdì àti háàdì dísìkì ti jáde.
- Bátìrì òjé wà nàró nínú abọ́ ike, ọ̀já rọ́bà wà lórí rẹ̀.
- Agolo yanrìn wà níbi ẹsẹ̀, kì í ṣe nínú búùtù tí oòrùn ń yan.
- Ìgò gílóòbù wà nínú páálí, wọ́n kọ "MÁ ṢÍ" sí i lára.
- Ẹ ti pe ẹni tó máa gbà á, ó sì dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ẹ̀gbẹ̀ àti Odò-Ẹ̀rẹ̀ jáde, Ìlọrin ló yá fún yín, ẹ lè béèrè níbẹ̀ kí ẹ tó ronú Èkó. Ẹ̀yin ará Kàbbà àti Bùnú tí ẹ ń gba Lọ́kọ́jà lọ sí Àbújá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó bátìrì sábẹ́ àpò iṣu nínú mọ́tò èrò. Mo ti rí i tí ásíìdì jẹ ìdí àpò kan láàárín ọ̀nà, tí wọ́n wá ń ta iṣu náà ní ìdajì owó. Bó bá jẹ́ mọ́tò tiyín ni, iṣu àti gàrí tí Màmá dì, orí ìjókòó ẹ̀yìn ni kó wà. Búùtù ni ti òkú ẹ̀rọ, àfi agolo yanrìn tó wà níbi ẹsẹ̀. Bí ibi méjèèjì ò bá sì gbà á pọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé bátìrì òjé àti agolo yanrìn. Fìríìjì tí ẹ ti yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ lè dúró di ọdún Àjíǹde.